Láti orí Carter Bridge dé etí omi Màrínà: bí mo ṣe máa ń rìn ín

Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi kan lọ sí ọjà Balógun kó lọ ra síìpù dúdú, ìdì kan péré. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Èbúté Mẹ́ta. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kó tó yọ sí wa. Ó ní òun ṣìnà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọbáléndé, láti Ọbáléndé ó tún wọ òmíràn padà sí CMS, bẹ́ẹ̀ láti CMS yẹn, ibi tó ń wá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mi ò bá a wí púpọ̀. Erékùṣù Èkó ò kúkú tóbi, èrò ibẹ̀ ló pọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ tó bá ti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, mo máa ń mú un rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan, láti ẹsẹ̀ Carter Bridge títí dé etí omi ní Màrínà. Àwọn kọ́sítọ́mà gbọ́, àwọn náà ní àwọn fẹ́ rìn ín. Mi ò lè máa mú gbogbo yín lọ, aṣọ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn, ẹ ò ní ṣìnà: Èkó ní èbúté méjì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, lápá Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọkọ̀ ọpọ́n ti ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́. Èkejì wà níwájú, ní Màrínà, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó máa ń gúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ọjà ló kún àárín méjèèjì. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí Ìddó, kí ẹ kọjú sí Màrínà. Bí ọjà bá yí yín lórí, ẹ béèrè Broad Street. Broad Street àti Màrínà jọ ń bá etí omi lọ ni, bí ìlà ìránṣọ méjì ní ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò. Ẹni tó bá ti já sí ọ̀kan nínú wọn, ó ti bọ́.

Bó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ rà, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ti wà ní Ìdúmọ̀tà kó tó di aago mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ilé àti àdúgbò lẹ fẹ́ wò, ọjọ́ Àìkú ló dáa jù, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń tì, ẹ ó sì lè gbójú sókè wo ilé láìjẹ́ pé ọmọlànke gbá yín lẹ́sẹ̀. Èmi ń lọ ní Sátidé, ní àárọ̀ kùtù, torí ojú mi wọ méjèèjì. Gbogbo ìrìn náà á tó bíi kìlómítà mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ní kí ẹ yà sí. Ẹni tó bá ń bá ọlọ́jà ná ọjà lójú ọ̀nà, kó fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀.

Bàtà pẹlẹbẹ tó ní okùn lẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì ò dáa: ẹnì kan á tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin á lọ, sílípáàsì á dúró. Ẹ gbé báàgì sí iwájú ikùn. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́, omi mímu àti agbòjò, torí oòrùn Ìdúmọ̀tà ò mọ ọmọlúwàbí. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ, kó mú tépù dání. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀yìngbò ni kí ẹ ti wọ mọ́tò. Kọ̀ńdọ́ á máa pariwo, "Ìdúmọ̀tà! Ìdúmọ̀tà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹ tètè mú àyè lójú fèrèsé lápá òsì. Bí mọ́tò bá ti kọjá Ìddó tó gun afárá, ọ̀sà á ṣí kalẹ̀ lọ́wọ́ òsì yín, ẹ ó sì rí afárá Third Mainland lókèèrè. Afárá tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀ yìí ló pẹ́ jù nínú gbogbo àwọn tó so Èkó mọ́ ilẹ̀. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún un kọ́. Gilbert Carter, òyìnbó tó ti jẹ gómìnà Èkó ṣáájú ìgbà yẹn, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ di orúkọ yẹn mú, a ṣì máa bá a pàdé nínú ọjà.

Ní Ìdúmọ̀tà, ẹ má tíì kó sínú ọjà. Ẹ kọ́kọ́ yà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ẹ béèrè Ìga Ìdúngànran, ààfin Ọba Èkó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ má bi ọmọkùnrin tó ń pariwo ọjà, ọjà tiẹ̀ ló máa mú yín lọ. Ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ̀ ba bó bá jẹ́ ọkùnrin ni yín, "Ẹ kú ọjà o, mà," kí ẹ tó sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Mo ti rí ìyá kan tó fi ọjà sílẹ̀, tó mú mi dé ìkòríta, nítorí pé mo kí i dáadáa. Mo sì ti rí ọmọ kan tó ní "Jọ̀ọ́, ibo ni Ìga wà?" láìkí ẹnikẹ́ni, tí gbogbo wọn ń wò ó níran.

Wọ́n ní oko ata Àrọ́mirẹ́ ni ibi tí ààfin náà wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti jẹ́ orúkọ. Ìta lẹ ó ti wò ó. Ẹ má yọ fóònù ya àwòrán láìgbàṣẹ, kí ẹ má sì dúró sẹ́nu géètì bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Èbúté Èrò, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Èrò àti oúnjẹ ló ń fi ọkọ̀ ọpọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀, kí afárá kankan tó wà. Ẹ̀yìn Èkó là ń pè é lónìí, ṣùgbọ́n iwájú ló jẹ́ nígbà náà.

Bí ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ bá bọ́ sí ọjọ́ Èyọ̀, ìrìn yìí yí padà pátápátá. Kì í ṣe ọdọọdún ni Èyọ̀ ń jáde, wọ́n á ti kéde rẹ̀ kó tó dé. Lọ́jọ́ náà, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí ṣùkú lórí, kò sí sìgá, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹ má rò pé wọ́n ń ṣeré, ọ̀pám̀bàtà tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ojú télọ̀ lèmi fi ń wo Èyọ̀ ní tèmi: agbádá funfun tó fẹ̀, àti àrópalẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó rán àrópalẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń sáré tí kò ṣubú, ó gbọ́ iṣẹ́. Àkẹtẹ̀ lẹ ó fi mọ ìga tí oníkálukú ti wá. Ti Àdìmú dúdú, ti Làbà pupa, ti Oníko jẹ́ yẹ́lò, ti Ológèdè jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá kí yín pé "Mo yọ̀ fún ẹ, mo yọ̀ fún ara mi," ẹ yọ̀.

Ó yá, ọjà kàn. Ẹ padà sí Ìdúmọ̀tà kí ẹ bọ́ sí Nnamdi Azikiwe, títì tó la ọjà já lọ sí Tinúbú. Ẹ máa gbọ́ "Àgò! Àgò lọ́nà!" lẹ́yìn yín. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ yà kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn, torí aláàárù tó ru okìtì aṣọ ò rí iwájú, ọmọlànke ò sì ní bíréèkì. Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò ni àmì yín. Òpó rẹ̀ ga débi pé bí ilé alájà gíga bá bò yín mọ́lẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró, ẹ ó ṣì rí i.

Àwọn tó ń fa èèyàn lọ́wọ́, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ wá wo tèmi!", ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì dáhùn. Ẹ̀rín ni kí ẹ rín, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ tépù rèé. Ọdún kẹta tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo ra léèsì ọ̀pá márùn-ún lọ́wọ́ ọkùnrin kan nínú ọjà yìí. Aṣọ ìyàwó ni. Mo délé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wọ̀n ọ́n, ọ̀pá mẹ́rin ààbọ̀ ni. Mo tún un wọ̀n, kò kúrò níbẹ̀. Íǹṣì 18 ti lọ, odidi apá aṣọ nìyẹn, àwọn ẹbí ìyàwó ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé. Nígbà tí mo tún padà lọ ra ọjà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo dúró wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọlọ́jà á na aṣọ lórí ọ̀pá onígi, á fi àtàǹpàkò di ibi tó parí sí. Bó bá fẹ́ gbé aṣọ síwájú kó tún na òmíràn, àtàǹpàkò náà á rá padà sẹ́yìn, bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ báyìí. Ẹnu rẹ̀ ò ní dákẹ́, á máa bi yín pé ìgbà wo ni ìnáwó, ta ló ń gbéyàwó, ẹ̀yin náà á máa dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó nǹkan. Bó bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, márùn-ún, apá aṣọ ti lọ. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní ẹ fẹ́ fi tépù tiyín wọ̀n ọ́n, íǹṣì 36 sí ọ̀pá kan. Olóòótọ́ ò ní bínú. Àlàájà tí mo ń ra síìpù àti bọ́tìnnì lọ́dọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, òun fúnra rẹ̀ ló ń nawọ́ tépù sí mi.

"Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kí ẹ má lọ bú mi délé."

"Àlàájà, èló ni gbẹ̀yìn?"

"Ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi."

Bí wọ́n bá ti ní kí ẹ jókòó, owó á wálẹ̀.

Láti inú ọjà náà, ẹ béèrè Martins Street, kí ẹ wá Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún tí wọn ò gbójú sókè wò ó. Ẹ dúró wò ó. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ Àgùdà kan tó ti Brazil dé, João Baptista da Costa, ló ya ilé náà tó sì darí iṣẹ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, ẹni tó wá ṣí i ni Carter, oní-afárá àárọ̀ yẹn. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid kejì, ló fún Shitta ní oyè "Bey", láti ìlú Istanbul tó jẹ́ pé èbúté ni òun náà. Oyè yẹn ló lẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ títí dòní. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà tó wà lójú ilé náà. Ẹni tó bá mọ etí léèsì á mọ irú ọwọ́ tó ṣe é.

Ẹ jáde sí Tinúbú. Ẹfúnróyè Tinúbú ló ni orúkọ, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó ní 1856, tó dé Abẹ́òkúta tó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Wọ́n lé e, orúkọ rẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú. Àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tó ń gbé Èkó ló fi ìsun omi tó wà níbẹ̀ tọrẹ nígbà òmìnira ní 1960. Àwọn àgbà Èkó ń pè wọ́n ní Kórà. Ọmọ etí òkun làwọn náà, èbúté Mẹditaréníà ni wọ́n ti wọkọ̀ wá síbí. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Kórà lòun ti ra léèsì àkọ́kọ́ nígbèésí ayé òun. Ẹ jókòó díẹ̀ bí ẹ bá rí ibi jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má ka owó níta gbangba.

Ìbànújẹ́ kan wà nítòsí ibẹ̀ fún mi. Ìlójò Bar, ilé alájà kan tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Òkè fèrèsé rẹ̀ rí róbótó bí ọrùn bùbá. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ní báyìí, ibi tó wà ni mò ń nawọ́ sí.

Láti Tinúbú, ẹ gba Kakawa Street. Ilé Olómi wà níbẹ̀, ilé ìdílé da Rocha. João Esan da Rocha, Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọmọdé lọ sí Brazil, ó sì padà sílé. Kànga inú ilé yẹn ni wọ́n ti ń ta omi fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ọmọ rẹ̀, Candido, wá lówó débi pé bí ọmọ bá béèrè ohun tó ju agbára bàbá rẹ̀ lọ l'Ékòó, bàbá á bi í pé, "Ṣé èmi ni Da Rocha?" Ilé ìdílé ni o, ẹ má kan ilẹ̀kùn.

Ibi tó kù ní Pópó Àgùdà, Bámgbóṣé Street àti Campos, ẹ rìn ín bó ṣe wù yín. Ilé àwọn Àgùdà ń dínkù ni lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n orúkọ ò tíì dínkù: da Silva, Pereira, Cardoso, Salvador. Bó bá jẹ́ Good Friday, ẹ ṣe bí ẹni tó mọ èèyàn níbẹ̀, kí ẹ lè rí frejon jẹ, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ó dùn díẹ̀ bí ṣúgà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kan ò lè jẹ ẹ́. Èmi ń jẹ tiwọn kún tèmi.

Ẹsẹ̀ á ti máa dun yín báyìí. Freedom Park ni kí ẹ ti sinmi, lópin Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, tí àwọn òyìnbó kọ́. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ ibẹ̀ rí, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ọn. Ọdún 2010 ló di ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ló di pèpéle tí wọ́n ti ń ṣeré báyìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ibòòji wà, ẹ ó sì rí nǹkan jẹ. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ dúró nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n tó ṣẹ́kù, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Kì í pẹ́ tí ẹ̀rín fi ń tán.

Ẹ wá bọ́ sí Màrínà, kí ẹ yà sí ọ̀tún, kí omi wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹ ó kọjá Kàtídírà Church of Christ. Ọdún 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward kẹjọ fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó di 1946 kó tó parí. Ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Omi ló gbé òun náà lọ lẹ́rú, omi ló sì gbé e padà, bíi ti da Rocha. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá gbà, ẹ wọlé lọ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Atẹ́gùn inú ilé náà tutù, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ra nǹkan. CMS tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń pè nítòsí ibẹ̀, Church Missionary Society ni, orúkọ ìjọ àwọn òyìnbó oníwàásù tó kọ́lé sí etí omi yìí.

Ẹ gbójú sókè wo NECOM House, alájà 32 tí wọ́n kọ́ parí ní 1979. Iná tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, fún ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé fún bàálù ni.

Omi ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá títì ńlá àti afárá láàárín ẹ̀yin àti omi, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Etí omi gan-an ni Màrínà láyé àtijọ́. Ìgbà tí wọ́n da iyanrìn síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni omi sún síwájú. Ibi tí èrò bá ti ń sọdá ni kí ẹ ti sọdá, kí ẹ lọ sí èbúté ọkọ̀ ní CMS. Ẹ má ṣe é lálẹ́, abẹ́ afárá yẹn kì í ṣe ibi ìdúró lẹ́yìn aago mẹ́fà.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan dé ibẹ̀, ó ní, "Àǹtí, òkun nìyí!" Òkun kọ́. Ọ̀sà ni. Ẹ tọ́ ọ wò bó bá wù yín, iyọ̀ rẹ̀ ò tó ti òkun. Òkun wà níta lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ẹnu tí ọ̀sà gbà jáde. Iyanrìn ló ń dí ẹnu náà nígbà kan, ọkọ̀ ńlá á dúró síta, wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré lọ kó èrò àti ẹrù. Ìgbà tí wọ́n to òkúta wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ni ọ̀nà là. Òkúta yẹn náà ló gé iyanrìn tó ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn, tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach. Lódìkejì omi níbi tẹ́ ẹ dúró yìí ni Àpápá, tí wọ́n ti ń lo èbúté rẹ̀ láti 1926. Ẹ ó rí ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé kọ̀ǹténà. Ẹ dúró pẹ́ díẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ń yí orí, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ilé Àpápá ló ń rìn. Léèsì tẹ́ ẹ rà láàárọ̀, nínú ọkọ̀ irú ìyẹn ló ti bọ́ sílẹ̀.

Fún ìpadàsílé, ibùdókọ̀ ojú irin Màrínà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Mile 2. Káàdì Cowry lẹ ó fi wọlé, wọn kì í gba owó lẹ́nu géètì. Àwa ará Èbúté Mẹ́ta ń sọ̀kalẹ̀ ní National Theatre. Ẹ jókòó sójú fèrèsé, ó ń sọdá lórí omi.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ káàdì, ẹ ṣí báàgì yín wò. Ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ mú rin ọ̀nà yìí gbádùn rẹ̀ débi pé a ti jókòó nínú ọkọ̀ kó tó rántí síìpù.